Mo Ní Kí Ọmọ Mi Jẹ́wọ́ Ohun Tí Kò Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Gbogbo ilé ti sùn, èmi nìkan ni mo jókòó sídìí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, mo sì ń kọ ọ́ wéré-wéré kí ọkàn mi tó yí padà.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ funfun ni mo mọ̀ ọ́n fọ̀ jù: aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí wa, kóòtù àwọn dókítà wọn, aṣọ tábìlì àwọn ilé ìtura. Bílíìṣì ni mo fi ń bó àbàwọ́n. Kẹ́ẹ̀gì ńlá ni mo máa ń rà á, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì wúwo lọ́wọ́, nítorí náà mo máa ń bù ú sínú ike omi kékeré kí n lè rí i ta sójú àbàwọ́n díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mu, mo máa ń fi rọ́bà pupa sí ọrùn ike tí bílíìṣì bá wà nínú rẹ̀. Àmì ilé wa nìyẹn. Ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, tí kì í gbélé, kò fẹ́ràn àṣà náà rárá. Ó ti kìlọ̀ fún mi títí pé kí n wá nǹkan mìíràn bu bílíìṣì sí, pé ikú kì í wo rọ́bà kó tó wọlé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹ wo ẹni tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, òun ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Bí mo bá ní kó jókòó, á jókòó. Bí mo bá gbàgbé láti ní kó dìde, màá padà bá a níbẹ̀. Mo máa ń fi ìgbọràn rẹ̀ yangàn láàárín àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi. N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi ń yangàn náà ni màá fi ṣe é léṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń fún aṣọ ibùsùn lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ọ̀gá ilé ìwé wọn ni. Ohùn rẹ̀ tutù jù. Ó ní kí n máa bọ̀ báyìí, kí n má ṣe dúró pààrọ̀ aṣọ. Mo bi í bóyá ara ọmọ mi kò yá ni. Ó ní ara ọmọ mi le. Bó ṣe sọ ọ́ ló já mi láyà.

Mo bá Jẹ́jẹ́ nínú ọ́fíìsì, wọ́n ti ní kó kọjú sógiri. Kò sunkún. Ó kàn ń fi èékánná họ ọ̀dà ara ògiri náà.

Ọ̀gá ṣàlàyé fún mi. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ti ń dà láàmú láti bí ọjọ́ mélòó kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú kíláàsì, ikọ́ náà kò sì dáwọ́ dúró. Jẹ́jẹ́ dìde láàyè rẹ̀, ó gbé ike omi rẹ̀ fún un. Imú tó dí kò jẹ́ kí Tíṣà gbóòórùn ohunkóhun. Ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Ojú àwọn ọmọ ló ṣe ṣubú lulẹ̀, tó di ọ̀fun mú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀gá gbé ike náà sórí tábìlì, ó ṣí ìdérí rẹ̀. N kò ní láti tẹ orí sí i. Òórùn ọwọ́ mi ni.

"Ìyá Jẹ́jẹ́," ó wí, "ṣé ilé yín ni èyí ti wá?"

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe dáhùn. Ẹ̀rù ń fà mí níwájú, ìgbéraga ń tì mí lẹ́yìn. Mo ní kò lè jẹ́ ilé mi. Mo ní kò sí ike bílíìṣì kan nílé mi tí kò ní rọ́bà pupa lọ́rùn, pé Jẹ́jẹ́ mọ àmì náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, pé kò sí bó ṣe lè ṣèèṣì gbé e. Mo tiẹ̀ lu tábìlì. Mo ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó da nǹkan sínú omi ọmọ mi níbí, nínú ilé ìwé wọn.

Ọ̀gá jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá fa dúróà rẹ̀, ó mú rọ́bà pupa kan jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike. Ó ní inú báàgì Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n bi í níbi tó ti mú un. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí wọ́n dúró de ìyá òun.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kò lè ṣèèṣì," ọ̀gá wí. "Mo gbà fún yín."

Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Èmi tí mo wá gba ọmọ mi sílẹ̀, èmi náà ni mo di okùn tí mo sì nà án sí wọn.

Ó fi kún un pé ní ọjọ́ Ajé, Tíṣà bá Jẹ́jẹ́ wí lójú gbogbo kíláàsì, ó sì ní kó lọ dúró síta, nítorí pé irun rẹ̀ kò bá òfin ilé ìwé mu. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ omi yìí ṣẹlẹ̀. Lójú tiwọn, ó ti yé wọn: inú bí ọmọ, ọmọ bọ́ rọ́bà kúrò lọ́rùn ike kí Tíṣà má baà fura, ọmọ gbẹ̀san.

Irun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìyókù mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, a ti pẹ́. Jẹ́jẹ́ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi nínú ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mò ń di irun rẹ̀. Rọ́bà dúdú tí mo fẹ́ fi dì í já mọ́ mi lọ́wọ́. N kò fẹ́ dìde. Ike kan wà lójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo nawọ́, mo bọ́ rọ́bà ọrùn rẹ̀, mo fi di irun ọmọ mi, mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pé ó yá. Mo ní bí mo bá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tán, màá wá rọ́bà mìíràn fi síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti pàdé ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó kó aṣọ wá. Mo gbàgbé. Ike náà wà lójú fèrèsé ní tòun, kò yàtọ̀ sí ike omi mímu, títí ọmọ mi fi gbé e sínú báàgì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Jẹ́jẹ́ ti yí ojú kúrò lára ògiri. Ó ń wò mí. Ó ń retí.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí mo sọ pé kò lè jẹ́ ilé mi. Ọwọ́ tí mo fi lu tábìlì ṣì ń dùn mí. Mo rí ọlọ́pàá lójú ẹ̀mí mi, mo rí ilé ìwòsàn tó ń kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi, mo rí ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò sọ pé ṣebí òun sọ ọ́. Mo bojú wolẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún wa láyè ká lọ ronú sí i.

Lójú ọ̀nà, Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ mi mú. A ti ń sún mọ́ ilé kó tó bi mí.

"Màámi, níbo lẹ ti rí rọ́bà tí ẹ fi di irun mi ní Mọ́ńdè?"

"Mo he é nílẹ̀ ni."

Ó ní ó dáa. Kò tún bi mí mọ́.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ká wa mọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ àdúgbò á na ife sí i, wọ́n á ní, "Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́, bu omi fún mi mu," wọ́n á sì túká bí ẹyẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa pe ọmọ rẹ̀ wọlé bó ṣe rí wa. Kò kí mi, èmi tí mo bá a gbẹ̀bí ọmọ náà.

Ọkọ mi pè láti ojú ọ̀nà. Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni bóyá rọ́bà wà lọ́rùn ike. Mo ní ó wà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń parọ́ mọ́ ọmọ òun, kí n gbèjà rẹ̀ dé ibi tó bá gbà, òun ń bọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Irọ́ ti di méjì.

Ilé ìwòsàn tún kó aṣọ wá. Mo ń tú u, mo rí àpò ìrọ̀rí kan tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, ó kéré, bí ìgbà tí ènìyàn tutọ́. Mo bi awakọ̀ wọn ta ni ó ni ín. Ó ní ti tíṣà kan ni, tí ọmọ iléèwé fún ní bílíìṣì mu. Ó ní ọ̀fun rẹ̀ ti wú, pé rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ. Ó mi orí, ó ní ọmọ ayé òde òní burú.

Mo fọ àpò ìrọ̀rí náà. Bílíìṣì ni mo fi fọ̀ ọ́. Ó funfun nigín-nigín.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà wá sílé wa ní ọ̀sán. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo, ì bá sàn bó bá pariwo. Ó gba àárín àwọn aṣọ tí mo sá kọjá, ó dúró níwájú àwọn ike mi tó tò sórí pákó, ó wo rọ́bà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ohùn ni àbúrò mi fi ń jẹun," ó wí. "Dókítà kò mọ̀ bóyá yóò padà."

Ó ní bí ọmọ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, tó sì bẹ̀bẹ̀, òun lè fi ọwọ́ wọ́nú. Bó bá ń sẹ́, òun á gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì fara balẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí aṣọ tí mo sá má baà kàn án lórí.

Ọ̀gá ilé ìwé náà pè, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Kí ọmọ gbà pé òun ni, wọn á ní kó sinmi nílé fún ìgbà díẹ̀, kó tó lọ sí ilé ìwé mìíràn ní ìdákẹ́jẹ́. Ọmọdé ni, ó wí, ayé máa ń gbàgbé ti ọmọdé.

Gbólóhùn yẹn ni èṣù fi wọlé sí mi lára. Ayé máa ń gbàgbé ti ọmọdé. Ti àgbà ni wọn kì í gbàgbé. Ọmọdé kì í ṣẹ̀wọ̀n, ọmọdé kì í pàdánù oníbàárà. Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, mo sì sọ ọ́ di ìfẹ́ ọmọ. Mo ní nítorí Jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá mú mi lọ, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Aṣọ ibùsùn ni a jọ ń ká nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó mú etí méjì, mo mú etí méjì. Bí a bá ti ká a, a ó rìn pàdé ara wa, á gbé tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, á padà sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé bó bá ní òun ni, gbogbo rẹ̀ á tán.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní àwọn ni kò mọ̀.

Ó rìn wá, ó gbé etí aṣọ lé mi lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ni kí n sọ pé ó fà á?"

Ó bèèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń bèèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo sì kọ́ ọ. Ẹ̀yin ènìyàn, mo jókòó ti ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe pe ara rẹ̀ ní ọ̀daràn. Níbi tó bá ti ṣì í, mo tún un ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ tí ọ̀gá dá fún wa pé, a padà sí ọ́fíìsì náà. Tíṣà wà níbẹ̀. N kò retí rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kó máa lọ sílé ni. Ó ti rù. Ó fi síkáàfù wé ọrùn, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ kó má sọ̀rọ̀, pé dókítà ti kìlọ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí Jẹ́jẹ́ dìde tó fi dìde. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni mo ṣe é. Inú bí mi torí pé ẹ bá mi wí. Mo bọ́ rọ́bà ọrùn ike kí ẹ má baà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí."

Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà dìde, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní lóòótọ́ lòun sọ pé òun á fi ọwọ́ wọ́nú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè jókòó pète èyí, tó sì lè sọ ọ́ báyìí láìsunkún, kò yẹ kó wà láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní ọlọ́pàá ni yóò mọ ilé tí wọ́n ń kó irú wọn sí. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo fèrèsé.

Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa bébà lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ìgbà wo lo bọ́ rọ́bà yẹn?"

"Mọ́ńdè, mà. Nígbà tí mo délé."

Tíṣà mi orí. Ó fi ọwọ́ di ọrùn mú kó tó lè sọ èyí tó kù. "Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ti rí i lórí rẹ. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ bá ọ wí, tí mo ní kó o bọ́ ọ sínú báàgì. Inú kò tíì bí ọ nígbà yẹn." Ó sinmi. "Ta ló di irun rẹ?"

N kò kọ́ ọ ní èyí. Mo rò pé yóò wo ojú mi. Kò wò ó.

"Èmi ni mo di í fúnra mi, mà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, Jẹ́jẹ́ kò mọ irun ara rẹ̀ í dì. Kò di í rí láyé rẹ̀. Gbogbo irọ́ tó ti pa, èmi ni mo kọ́ ọ. Èyí nìkan ló rò fúnra rẹ̀. Èmi ni ó fi bò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Tíṣà yí sí mi. Àánú wà lójú rẹ̀, òun náà ló sì le jù fún mi láti gbà. "Ìyá Jẹ́jẹ́," ó wí, "ẹ̀yin ńkọ́?"

Ì bá wù mí kí n sọ pé mo fi ìgboyà dìde. Orúnkún mi ni mo bá ara mi lórí rẹ̀. Mo ní èmi ni mo bọ́ rọ́bà náà, èmi ni mo fi di irun rẹ̀, èmi ni mo gbàgbé ike náà sójú fèrèsé, ọmọ mi kò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ tó ti dárúkọ irun fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ṣì mú fóònù rẹ̀ dání. Ó wo ọmọ, ó wo èmi.

"Ẹ mọ̀," ó wí, "ẹ sì jẹ́ kó kọ́ ọ sórí."

Wọ́n wẹ ọmọ mi mọ́ lójú gbogbo ilé ìwé. Ọ̀gá pe àwọn ọmọ jọ, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tèmi ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo máa ń lọ fojú hàn ní àgọ́ wọn. Ilé ìwòsàn ti kó aṣọ wọn kúrò. Ohùn Tíṣà ti ń padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ha, wọ́n ní bí yóò ṣe máa wà nìyẹn. Ọkọ mi dé, ó kó gbogbo ike dànù, kò bá mi jà. Òun ló ń di irun Jẹ́jẹ́ báyìí. Irun náà máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe, Jẹ́jẹ́ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo ti bi í nípa rọ́bà náà. Ọjọ́ tí a ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ni, kò di ọwọ́ mi mú. Mo ní ìgbà wo ló mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo ní mo he rọ́bà nílẹ̀ ni, pé n kì í jẹ́ kí òun fi ohun tí wọ́n bá he nílẹ̀ sórí. Mo ní kí ló dé tí kò wá sọ fún wọn.

"Mo ń dúró dè yín ni."

Ẹ̀yin abiyamọ, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọ yín, kí ẹ tó lu tábìlì ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ padà lọ wo ojú fèrèsé ilé yín. Bí ẹ bá sì rí nǹkan níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kó tó di pé ọmọ ló ń bò yín.

Ní alẹ́ yìí, kí Jẹ́jẹ́ tó lọ sùn, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo fọ ife, mo bu omi fún un láti inú ìkòkò tí gbogbo wa ń mu. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó ní ẹ ṣé mà. Nígbà tó rò pé mo ti kọ ẹ̀yìn sí òun, ó gbé ife náà sí imú, ó fà á símú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá mu ún.